Bí ẹ ṣe lè dá ìran elf sílẹ̀ sínú igbó Ìjẹ̀bú: láti iye ọdún wọn títí dé orírun wọn

Iṣẹ́ kan tó ń já ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé àtàwọn tó ń ṣe géèmù kulẹ̀ rèé. Wọ́n fẹ́ dá ìran elf, ẹ̀dá tó jọ ènìyàn nínú ìtàn àríwá Yúróòpù, sílẹ̀ fún ayé àròsọ tiwọn. Wọ́n á fún wọn ní etí ṣóńṣó, ẹwà, ọrun àti ọfà, ẹ̀mí gígùn, ọgbọ́n àgbà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó jọ ti ilé, wọ́n á fi àdìrẹ wọ̀ wọ́n, wọ́n á sọ ọba wọn ní Adéwálé. Kí òǹkàwé wá béèrè ìbéèrè kékeré báyìí: kí ni wọ́n ń jẹ nínú oṣù kẹfà? Tí wọn kì í tètè kú, kí ló dé tí wọn ò tíì kún gbogbo ayé? Ta ló ń jogún oko ọbì? Ẹnu òǹkọ̀wé á wọhò.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Etí ṣóńṣó kì í ṣe àṣà. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ Iceland tó mẹ́nu kan àwọn elf pàápàá, kò síbi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe etí wọn bẹ́ẹ̀. Àṣà ni ohun tí iye ọdún ẹ̀dá, ilẹ̀ tó ń gbé, àti ohun tí kò ní lọ́wọ́ fi dandan mú un ṣe. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó máa lò dé òpin: ìran kan tí a pè ní Ará Ọ̀gànwó, tó ń gbé láàárín Èrèdò àti igbó Ọmọ, nínú Ìjẹ̀bú àròsọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ìwé jọ́tà kan, pẹ̀lú báírò dúdú àti pupa. Dúdú ni ẹ ó fi kọ ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín yàn. Pupa ni ẹ ó fi kọ ohun tí ohun tí ẹ yàn bá fà wá. Bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, pupa á pọ̀ ju dúdú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó kéré tán.

Máàpù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ tẹ̀ sórí ìwé tó fẹ̀. Ẹ fi àmì sí nǹkan mẹ́rin lórí rẹ̀: Èrèdò Súngbọ̀, odi àti yàrà tó tó nǹkan bíi 160 kìlómítà ní gígùn, tó sì jìn tó 20 mítà níbòmíràn láti orí odi dé ìsàlẹ̀ yàrà, igbó Ọmọ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 1,300 kìlómítà níbùú lóòró, odò Ọ̀ṣun, àti ọ̀sà ní apá gúúsù.

Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù. Ẹ má fojú kéré rẹ̀, òun ló máa ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ lè bi ní ìbéèrè: ọdẹ kan, ẹni tó ń ta ọbì, ìyá kan tó mọ òfì dáadáa. Ìbéèrè nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí ẹ bi wọ́n, kì í ṣe nípa elf. Bí ẹ bá ní kí bàbá ọdẹ sọ fún yín bí elf ṣe ń rìn, ó máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ẹranko ti gba ojú ọ̀nà kan kọjá, ọ̀rọ̀ á kún jọ́tà yín.

Ìpele 1: Ẹ yan iye ọdún kan àti àìní kan

Nǹkan méjì péré ni. Ará Ọ̀gànwó ń lo 600 ọdún láyé, wọn ò sì lè fọwọ́ kan irin. Ó tán.

Ìdí tí a fi mú irin ni pé ní àríwá Yúróòpù tí àwọn elf ti ṣẹ̀, irin wà lára ohun tí àwọn ará oko fi ń lé irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ jìnnà sílé. Tí a bá gbé e wá sí ilẹ̀ tí Ògún ti jẹ́ òrìṣà, tí alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti awakọ̀ ń bọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà á wúwo ju bó ṣe wúwo níbi tó ti wá lọ. Ẹ lè yan àìní mìíràn: iyọ̀, iná, oòrùn ọ̀sán. Kó ṣáà ti jẹ́ ohun tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á fi ohun kẹta kún un, ohun kẹta náà á sì tú ìṣòro ìkejì palẹ̀. Wọ́n ní elf ò lè fọwọ́ kan irin, wọ́n tún fún wọn ní ọfọ̀ tó ń gé igi lulẹ̀. Kí wá ni àìní ọ̀hún ń ṣe? Ẹ yọ ọfọ̀ náà kúrò, tàbí kí ẹ jẹ́ kó náni ní nǹkan tó dunni ju àìsí àáké lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ ohun 10 tí àìní yẹn kò ní jẹ́ kí wọ́n lè ṣe tàbí ní. Ti Ará Ọ̀gànwó ni pé wọn ò ní àdá, àáké, ọkọ́, abẹ́rẹ́ onírin, ìṣó, ìkòkò irin, ìbọn, pàkúté onírin. Wọn ò lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Wọn ò lè na ọjà tí wọ́n ti ń ta ọkọ́. Bí ẹ bá kà dé mẹ́rin tí ẹ dúró, àìní yẹn kéré jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ ṣírò ìbí àti ikú

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Òun náà ló máa ń tú ìtàn wọn fó.

Òfin rẹ̀ kò le. Ẹ mú iye ènìyàn, ẹ fi iye ọdún tí wọ́n ń lò láyé pín in. Èsì yẹn ni iye tó ń kú lọ́dún. Bí ìran náà kò bá gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i tàbí dín kù, iye kan náà ni a gbọ́dọ̀ máa bí. Ká ní Ará Ọ̀gànwó jẹ́ 1,200, tí gbogbo wọn sì ń dé 600 ọdún: 1,200 pín sí 600 jẹ́ 2. Ọmọ méjì lọ́dún, òkú méjì lọ́dún, nínú gbogbo ìran.

Ẹ mú báírò pupa báyìí. Bí ó bá jẹ́ ìsọmọlórúkọ méjì péré ló wà lọ́dún, a jẹ́ pé gbogbo ìlú ló ń jókòó sí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbo ilé kan. Bí ọmọ kò bá dàgbà títí ó fi pé 60 ọdún, 2 lọ́nà 60 jẹ́ 120: ọmọdé kan nínú ènìyàn mẹ́wàá. Ẹ rántí pé ní Nàìjíríà ó ju mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ tí kò tíì pé ọdún 15. Agbo ilé Ará Ọ̀gànwó á dákẹ́ jù létí àlejò tó wá láti Ṣàgámù. Bàbá onílé á máa wá ẹni tó máa rán níṣẹ́ kiri. Ta ló ń pọnmi? Ta ló ń lé adìẹ? Àgbà ni, àgbà tó ti pé 200 ọdún, iṣẹ́ ọmọdé kò sì ní jẹ́ àbùkù lójú wọn.

Ó kù. Ìdajì 1,200 jẹ́ obìnrin 600. Kí iye wọn má bàa yí padà, ọmọ méjì ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí láyé rẹ̀. Tó bá fi 300 ọdún wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, a lè fi 150 ọdún sáàárín ọmọ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn ò jọ ṣeré rí! Gbogbo bí a ṣe ń lo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ilé Yorùbá gbọ́dọ̀ yí padà: ẹ̀gbọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe bí òbí, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ló sì máa dà bí ọmọ ìyá. Ìbejì ńkọ́? Ní Ìgbó-Ọrà, àwọn oníṣègùn ti ka nǹkan bíi ìbejì 45 nínú ìbímọ 1,000, èyí tó ga gidigidi. Bí ti Ará Ọ̀gànwó bá tilẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀, ìbímọ méjì lọ́dún á jẹ́ kí ìbejì máa wáyé lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọdún 11. Ẹ pinnu ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dún tó bá ṣẹlẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á fún tọkọtaya ní ọmọ márùn-ún, torí pé ó dùn láti kọ ìdílé ńlá. Márùn-ún túmọ̀ sí pé ìran kọ̀ọ̀kan fi ìlọ́po 2.5 ju ti ìṣáájú lọ. Lẹ́yìn ìran mẹ́fà, 1,200 á ti di nǹkan bíi 293,000. Kò sí igbó tó máa gbà wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ọmọ márùn-ún dandan, ẹ kọ ohun tó ń pa mẹ́ta nínú wọn sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe tán láti kọ ọ̀fọ̀ náà.

Regbéregbé ni ìṣirò tó kàn. Ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n bí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta síra wọn ni wọ́n ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Bí ẹ bá gbé ọdún mẹ́ta yẹn fún ìran tó ń lo 600 ọdún, ẹgbẹ́ 200 lẹ ní, ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn mẹ́fà ò lè dáṣọ kí wọ́n jó wọ Ojúde Ọba kí ojú mọ̀ pé ẹgbẹ́ dé. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí 50 ọdún: ẹgbẹ́ 12, ènìyàn 100 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ṣe é lò. Ẹ wá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹgbẹ́ kejì ń sọ́ Èrèdò, ẹgbẹ́ kẹta àti ìkẹrin ń tọ́jú oko ọbì, ẹgbẹ́ keje ń dá ẹjọ́ ilẹ̀, ẹgbẹ́ kejìlá kì í ṣe nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi wọ́n léèrè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: iye gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pé 1,200, iye ìbí gbọ́dọ̀ bá iye ikú dọ́gba, kí ẹ sì lè dárúkọ ẹ̀dá kan, kí ẹ sọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹgbẹ́ tó wà láìṣí jọ́tà.

Ìpele 3: Ẹ bọ́ wọn

Ẹ̀dá tó ń ṣe ọdẹ tó sì ń ṣa èso jẹ nìkan nínú igbó kìjikìji kì í sábà ju ẹyọ kan lọ lórí kìlómítà kan níbùú lóòró. Ó tún máa ń kéré sí i. Nítorí náà, Ará Ọ̀gànwó 1,200 máa gba igbó Ọmọ tán pátá, kò ní ku ibi tí erin àti àwọn ẹlòmíràn máa dúró sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbin nǹkan. Kí ni ẹni tó máa pẹ́ láyé ń gbìn, tí kò ní ọkọ́?

Igi ni. Ọbì gbànja tí Rẹ́mọ fi lórúkọ máa ń tó ọdún márùn-ún sí méje kó tó so, ó sì ń so dáadáa sí i títí di nǹkan bí ọdún 20. Lójú àgbẹ̀ wa, ìdúró yẹn gùn. Lójú ẹni tó ń lo 600 ọdún, kò tó nǹkan kan. Ọbì fẹ́ràn ibòji, ó lè dàgbà lábẹ́ ìrókò àti ọ̀gànwó láìgé igi ńlá kankan. Ọ̀pá ọparun tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu tó láti fi gbẹ́ ihò tí wọ́n ń gbìn ín sí. Ẹ fi ọ̀pẹ, ìgbín, olú àti oyin kún un, ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Pupa tún dé: igi ọbì kì í sábà ju 100 ọdún lọ. Ẹni tó bá gbin ọbì níbí ń gbìn ín fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ará Ọ̀gànwó ni í ṣẹ́yìn igi tó gbìn, yóò sì tún oko kan náà gbìn lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó kú. Ṣé wọ́n ń sin igi ni? Ó yẹ kí wọ́n máa sin ín. Bí òkú ènìyàn bá jẹ́ méjì péré lọ́dún, tí òkú igi sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, orí igi ni àṣà ìsìnkú wọn ti máa gbó. Ohun tí ẹ ò ronú kàn nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì tọ́ sí wọn ju etí ṣóńṣó lọ.

Ọbì náà lowó wọn. Ẹ ṣàlàyé bí ó ṣe ń dé ọjà: wọ́n á fọ́ pódì, wọ́n á rẹ ẹ́ kí awọ funfun ara rẹ̀ lè ṣí, wọ́n á jẹ́ kó gbomi dànù, wọ́n á fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n kó má bàa gbẹ, wọ́n á sì máa ṣa èyí tí kòkòrò ti dá lu kúrò. Gbogbo èyí kò gba irin kankan. Ohun tí wọ́n máa gbà padà ni idẹ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ní bàbà nínú. Idẹ ń bọ̀ láti òkèèrè ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìjẹ̀bú jẹ́ ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká, pé ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ ni wọ́n fi ń ra ẹrú níbẹ̀. Bí ọ̀bẹ Ará Ọ̀gànwó bá jẹ́ idẹ, a jẹ́ pé wọ́n ń dúró de ọwọ́ àwọn oníṣòwò, wọn kì í ṣe ẹ̀dá tó dá wà nínú igbó. Kí ẹ tún mọ̀ pé irú òwò yẹn gan-an ló ń gbé idẹ wá: ẹ pinnu bóyá wọ́n mọ̀, àti ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn nípa rẹ̀.

Ìkìlọ̀ ńlá rèé: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata rodo, tòmátì, ẹ̀pà, ànàmọ́ àti kòkó, láti Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá òkun kọjá ní 1492. Bí ìtàn yín bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, kò sí gààrí Ìjẹ̀bú níbẹ̀, bó ti wù kó kan tó. Ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ ti Éṣíà wá, àmọ́ ó ti pẹ́ jù wọ́n lọ nílẹ̀ Áfíríkà. Èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa ni iṣu funfun, ọ̀pẹ, ọbì, ẹ̀wà, atare àti ìyèré. Atare àti ìyèré ló máa ta lẹ́nu níbi tí kò ti sí ata. Bí ayé yín bá jẹ́ àròsọ pátápátá, ẹ lè fi ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Kó ṣáà jẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti alẹ́ fún ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, oṣù kẹfà àti oṣù kẹwàá. Oṣù kẹfà ló máa dá yín lẹ́jọ́, torí iṣu àná ti ń tán, tuntun ò sì tíì jáde.

Ìpele 4: Ilé àti aṣọ

Ká yára kọjá níbí. Láìsí àáké, igi ńlá ò ṣe é bì àfi kí wọ́n fi iná sun ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ọparun, imọ̀ ọ̀pẹ, okùn àti amọ̀ ni ilé wọn. Ẹ má kọ́ ilé sórí igi nítorí pé ẹ rí i nínú àwòrán. Ọ̀gànwó lè ga tó 50 mítà, ìjì oṣù kẹrin kì í sì í ṣeré lókè níbẹ̀. Omi pípọn náà ńkọ́?

Ní ti aṣọ, àdìrẹ ni gbogbo ènìyàn ń sá bá, bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta ló fi í lórúkọ jù. Ìjẹ̀bú ní aṣọ olónà, tí wọ́n ń hun àwòrán ọ̀nì, ẹja àti irú wọn sí lára, tí àwọn àgbà Òṣùgbó ń lò. Òfì obìnrin tó ń dúró gbọọrọ kò ní irin lára. Igi àti òwú ni. Elf tí kò ní irin lè hun aṣọ tó dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jẹ́ kí àwòrán ara aṣọ sọ ẹgbẹ́ tí ẹni náà wà, àlejò á sì ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀ láìbèèrè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú ohun márùn-ún nínú yàrá wọn, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi gé e.

Ìpele 5: Ta ló ń ṣèjọba, báwo ló sì ṣe ń kúrò?

Ọba kan ṣoṣo lórí gbogbo elf, tó jókòó sórí ìtẹ́ wúrà: ẹ gbé e sọnù. Ẹ wo Ṣàgámù. Ìlú 13 ló para pọ̀ síbẹ̀ ní 1872 kí ogun má bàa kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wá pẹ̀lú oyè wọn, títí kan Ewùsì ti Mákùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Akárìgbò ni olórí. Irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ní ìjà nínú, ó ní ìlara, ó ní àgbà tó ń bínú nítorí ibi tí wọ́n fi í jókòó sí. Ìtàn ń bẹ níbẹ̀.

Ìṣòro tó jẹ́ ti ẹlẹ́mìí gígùn nìkan ni pé ọba tó jẹ ní ọmọ ọdún 150 lè lo 450 ọdún lórí oyè. Bí ìdílé ọlọ́ba mẹ́ta bá ń jẹ ẹ́ ní yíyí, ìdílé kan lè dúró tó 900 ọdún kí ó tó tún kàn wọ́n. Wọn ò ní dúró. Ẹ fi gbèdéke sí i: ti Ará Ọ̀gànwó ni pé ọba á bọ́ adé sílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ bá ti sún lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn 50 ọdún. Ibo wá ni ọba àná ń gbé? Bí ọba mẹ́jọ tó ti fẹ̀yìn tì bá ṣì wà láyé, ìgbìmọ̀ tó lágbára ju ọba lọ ti dé nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i: ẹ lè kọ́ ìgbìmọ̀ àgbà tó dà bí Òṣùgbó nínú iṣẹ́ rẹ̀, tó ń bá ọba wí, tó ń dá ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣe kó ohun tó wà nínú ìlédì, ilé ìpàdé Òṣùgbó, wá sínú géèmù. Ẹ ò nílò rẹ̀, ohun tí ẹ bá sì kọ níbẹ̀ máa jẹ́ àhesọ ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ ẹjọ́ ilẹ̀ kan láàárín ìdílé méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdájọ́. Bí ẹ bá ní láti dá òṣìṣẹ́ tuntun sílẹ̀ kí ẹjọ́ náà lè parí, ìjọba yín ò tíì pé.

Ìpele 6: Orírun, mẹ́ta ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Ìdí tí orírun fi jìnnà sẹ́yìn báyìí ni pé ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ni ìtàn orírun ń gbè lẹ́yìn. Ẹ kò lè mọ irọ́ tó wúlò fún wọn títí ẹ fi mọ oko tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ kì í sọ ẹyọ kan. Àwọn kan ń ti ọ̀dọ̀ Olú-Ìwà tó wá láti Wàdáì bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń ti ọ̀dọ̀ Ọbańta tó wá láti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń to méjèèjì tẹ̀ léra. Ẹ ṣe bákan náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ìtàn kọ̀ọ̀kan ń ṣe láǹfààní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:

Èkíní: inú ihò ọ̀gànwó kan ni ènìyàn méje ti jáde. Àwọn ìdílé méje tó ni oko ọbì tó dára jù ló ń sọ ọ́.
Èkejì: ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n, tí wọ́n sá wọ igbó nígbà tí àgbẹ̀dẹ àkọ́kọ́ dáná. Àwọn tó fẹ́ kí Ará Ọ̀gànwó àti ènìyàn máa fẹ́ra ló ń sọ ọ́.
Ẹ̀kẹta: àwọn tó gbẹ́ Èrèdò ni wọ́n, tí wọn kò sì gba owó iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó ń sọ́ Èrèdò ló ń sọ ọ́, wọ́n sì ń fi gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò.

Ibi tó yàtọ̀ sí ti ènìyàn rèé, kí ẹ fara balẹ̀. Bí orírun wọn bá jẹ́ 1,800 ọdún sẹ́yìn, ìgbésí ayé mẹ́ta péré ni. Ẹnì kan wà láyé tí ìyá rẹ̀ àgbà lè ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìgbàgbé ló fa ìtàn mẹ́ta. Ẹ̀rí ni, irú èyí tí wọ́n ń jẹ́ ní kóòtù ilẹ̀. Ẹnì kan ń parọ́, ó mọ̀ pé òun ń parọ́, ẹni tó lè já a sì ń gbé lópòópónà kejì. Òǹkọ̀wé tó bá kọ orírun elf bí àlọ́ tó ti di ìkùukùu ti gbàgbé iye ọdún tó yàn ní ìpele kìn-ín-ní.

Ìkìlọ̀ mìíràn: ẹ má kàn mú egbére, òrò tàbí ìwin kí ẹ pa orúkọ wọn dà sí elf. Ẹní egbére àti ẹkún rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Òǹkàwé láti Ìjẹ̀bú-Igbó á mọ̀ ọ́n ní ìlà kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ aládùúgbò. Ará Ọ̀gànwó lè máa bẹ̀rù egbére, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ fi oríkì dì í. Ìlà mẹ́ta sí mẹ́fà, tí ibùgbé, èèwọ̀ àti iṣẹ́ wọn á wà nínú rẹ̀:

Ọmọ Ọ̀gànwó tí í fi ihò ṣe ìyẹ̀wù,
Ọmọ a-bọ́-àdá-sẹ́nu-ibodè,
Ọmọ a-gbin-ọbì-kó-tún-sin-ín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìtàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí ọwọ́ lè kàn tó ń jẹ́rìí sí i: igi, òkúta, àpá lára, orin. Kí ohun ẹ̀rí kan tún wà tí ìtàn méjì jọ ń tọ́ka sí, tí wọ́n sì ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìpele 7: Èèwọ̀ àti ọdún

Èèwọ̀ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan kì í ṣe èèwọ̀. Tí Agẹmọ bá ń rìn lọ sí Imọ̀sàn, obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn án: ìrìn àjò dúró, ọjà di títì, ẹni tó ní ìpàdé á sún un. Àwọn tó ń bọ elf ní Skandinéfíà láyé àtijọ́ náà ń ṣe tiwọn nínú ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, akéwì ará Iceland kan, Sigvatr, ṣàròyé pé wọ́n lé òun kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní Sweden torí pé ẹbọ elf ń lọ lọ́wọ́. Àlejò sùn síta. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni kí èèwọ̀ yín máa náni.

Fún èèwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn mẹ́rin: kí ló fà á, ta ló ń dí lọ́wọ́, ta ló ń sọ́ ọ, kí ní ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó rú u láìmọ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí ọdẹ kan láti Àgọ́-Ìwòyè bá wọ Èrèdò pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré tó gbàgbé sínú àpò, ṣé ó ní ètùtù, àbí ikú ni? Èèwọ̀ mẹ́ta tó. Bí wọ́n bá di 12, òǹkàwé á gbàgbé wọn, ẹ̀yin náà á sì rú u ní orí kẹjọ.

Ìpele 8: Orúkọ

Ẹ yan kọ́ńsónáǹtì mẹ́jọ péré, ẹ yọ fáwẹ́lì kan kúrò, ẹ má to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, ẹ má sì fi àmì òkè sórí fáwẹ́lì tó bá bẹ̀rẹ̀ orúkọ. Ará Ọ̀gànwó ń lo b, d, l, m, n, r, w, y, láìsí u: Yẹ̀rinwà, Màlẹ́dò, Ọdẹ́nirà. Ahọ́n gbé e, kò sì jọ orúkọ aládùúgbò. Ẹ fi àmì ohùn sórí gbogbo wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, akẹgbẹ́ yín tó ń yà á á máa pe ọ̀kan náà ní ọ̀nà mẹ́rin.

Ìdánwò tó kẹ́yìn

Ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa elf ní ojú ìwé méjì, kí ẹ̀dá kan nínú ìran náà máa ṣe ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́: ó jí, ó jẹun, ó lọ sóko ọbì, ó bá aládùúgbò jà. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ gba ìwé náà padà, kí ẹ béèrè mẹ́ta: ọmọ ọdún mélòó ni ẹni yìí? Kí ni wọn ò ní nílùú yìí? Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀? Bí ó bá dáhùn méjì dáadáa, ó ṣe é tẹ̀ síwájú. Bí ó bá jẹ́ ẹwà wọn nìkan ló rántí, ẹ padà sí ìpele kejì pẹ̀lú báírò pupa. Ìṣirò ọjọ́ orí ló sábà máa ń jẹ́ ibi tó ti bàjẹ́. Bí iye ọdún bá yí padà, oko, oyè àti orírun lẹ máa tún kọ. Ilé àti aṣọ lè dúró bó ṣe wà.